Ọjọ́ Tí A Ṣe Àmín Sí Ohùn Bàbá Ràfíù

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fóònù, ẹ máa wò ó, n kò bá yín jà. Èmi náà ní tèmi nínú àpò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹ má kàn máa mi orí sí mi bí alángbá. Irú orí mímì bẹ́ẹ̀, láìgbọ́ ohun tí ẹni kan ń sọ, díẹ̀ ló kù kó gba ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, àmọ́ ọ̀nà jíjìn ni n ó ti gbé e wá, nítorí ẹ kò mọ bí àwa ṣe ń ṣọ̀rẹ́ nígbà tiwa.

Nígbà tí èmi àti Bàbá Ràfíù wà lọ́dọ̀ọ́, kó tó di bàbá ẹnikẹ́ni, oko wa kojú síra lẹ́yìn ìlú Òkèhò níbí. Àfonífojì kan ló wà láàárín, tó kún fún igi òrí àti igi irú. Òun wà lápá òkè, èmi wà nísàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, tí a ti kírun àárọ̀ tán, tí ọyẹ́ ṣì ń mú ètè ẹni ya, òun ni í kọ́kọ́ pè. Á fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, á ké pé, "Àjọrìn o-o-o!" Àjọrìn ni à ń pe ara wa. A jọ rìn lọ sílé kéú, a jọ rìn lọ sóko, kódà nígbà tí a ń fẹ́ àwọn ìyàwó wa, a jọ rìn lọ kí àwọn òbí wọn ni. Wọ́n ní ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni.

Èmi á dúró kó pè tán. N kò gbọdọ̀ já ìpè gbà mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí ìparí ìpè ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá fà á gùn, àlàáfíà ni. Bó bá gé e lójijì, ó ń fẹ́ kí n wá. Bó bá ń pè é léraléra láìmí, kí n mú àdá dání kí n máa sáré bọ̀, ejò ni tàbí nǹkan tó burú jù ú lọ. Bí ìpè bá ṣe rí ni èmi náà ṣe ń dáhùn. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ìdáhùn náà lákọ, ó lábo. Ẹni tí a bá sì pè tí kò dáhùn, a kì í bu oúnjẹ sẹ́nu kí a tó lọ wò ó.

Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ kan tí èmi kò dáhùn. Iṣu sísun ni mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, iṣu náà sì pọ̀ ju ohun tí ènìyàn ń jẹ kó tó sùn. Mo sùn bí òkúta. Ariwo ẹsẹ̀ ló jí mi. Bàbá Ràfíù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ahéré mi, ìrì ti rin ín dé ìbàdí, ó mú àdá dání, ó kó ọkùnrin méjì lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Nígbà tó rí i pé oorun ni, ó bú mi, ó bú iṣu, ó wá jókòó, ó jẹ èyí tó kù nínú iṣu náà, ó sì tún ọ̀nà rẹ̀ gbà lọ. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọrọ̀ ni irú èébú bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, ó kó lọ sí Àgọ́-Àmọ̀dù nítorí ilẹ̀. Ìyẹn jìn, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn ẹ lè jẹ́rìí. Ọkọ̀ agbẹ́rù ni à ń dúró dè lẹ́bàá títì, a ó gòkè sórí àpò ẹ̀gẹ́, eruku á fi wá ṣe ìkejì àwọn tó ń mọ̀kòkò. Síbẹ̀ bí Iléyá bá dé, mo gbọdọ̀ gbé itan àgbò mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé kò lágbò. Ẹran ọ̀rẹ́ ẹni ní adùn tirẹ̀.

Ọdún kan wà tí mo gbé itan dé Àgọ́-Àmọ̀dù ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ kan ọwọ́ mọ́rí. Ó ní, "Ẹ̀yin náà rèé! Bàbá Ràfíù ti gbé itan tiwọn wá sọ́dọ̀ yín ní Òkèhò láti àárọ̀!" A ti pàdé ara wa lójú ọ̀nà, èmi lórí ọkọ̀ kan, òun lórí òmíràn, eruku kò jẹ́ ká ríra. Ọkọ̀ kò sí mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo jẹ nínú ẹran rẹ̀, mo sùn sórí ẹní rẹ̀. Òun náà sùn sórí tèmi, ó tún ran ìyá àwọn ọmọ mi lọ́wọ́ láti tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe. Títí di òní, ìyàwó mi ń sọ pé ọ̀rẹ́ mi wúlò jù mí lọ.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, mo mọ̀. Àwọn kan kú, àwọn kan bá ọmọ wọn lọ sí ìlú ńlá. Bàbá Ràfíù ní tirẹ̀ tún kó kúrò ní Àgọ́-Àmọ̀dù, ó gba ilẹ̀ kajú sí ẹ̀yìn Ìwéré-Ilé. Ẹ gbọ́ o: Ìwéré-Ilé! Ọkadà lásán ló ń gbéni débẹ̀ láti ibí, oòrùn kì í tíì yí kúrò lójú kan kí o tó dé. Mo yọ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ti sún mọ́lé. Ìgbà tó sì sún mọ́lé yẹn gan-an ni a kò rí ara wa mọ́.

Fóònù ló dé. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. N kò ní sọ pé ohun rere kò sí nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ mi tó wà lókè òkun. Ibẹ̀ náà ni àwa tí a jọ dàgbà ti tún pàdé, nítorí ọmọ Bàbá Tíṣà kó gbogbo wa sínú gúrúùpù kan. Ẹ mọ Bàbá Tíṣà, ẹni wa tó kọ́ àwọn ọmọ níwèé títí tó fi fẹ̀yìn tì, onígbàgbọ́ nínú wa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, àwòrán òdòdó á wọlé, àwòrán ife tíì tó ń rú èéfín á wọlé, ẹnì kan á ní Ọlọ́run á ṣọ́ wa. Àwa á ní Àmín. Ta ló kù tí yóò tún máa wọ ọkadà lọ wo ẹni tó ti rí òdòdó rẹ̀ láàárọ̀?

Ti ọjọ́ Jímọ̀ ló wá yàtọ̀. Bàbá Ràfíù ló ni Jímọ̀. Ó máa ń fi ohùn ara rẹ̀ ṣàdúrà sínú gúrúùpù, àdúrà náà sì gùn! Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo gbé omi ẹ̀kọ kaná, omi á hó, mo á po ẹ̀kọ, mo á mu ún tán, ọ̀rẹ́ mi kò tíì kúrò lórí àwọn aboyún. Kí n má purọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í gbọ́ ọ dópin. Àwọn kan kì í tilẹ̀ ṣí i. Wọ́n bá ti rí i pé ohùn Bàbá Ràfíù ló wọlé ní Jímọ̀, Àmín ti dé nìyẹn. Bàbá Tíṣà pàápàá á kọ "Àmín lórúkọ Jésù" sí àdúrà Jímọ̀, a ó sì rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń ṣe Aboyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Jímọ̀ kan wá bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tí koríko ti gbẹ dé gbòǹgbò. Kò sí iná mànàmáná fún ọjọ́ mélòó kan, fóònù mi sì wà lọ́dọ̀ obìnrin tó ń bá wa ṣáàjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ìyálẹ̀ta ni mo lọ gbà á. Bí mo ṣe tàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí dún láìdákẹ́. Àmín. Àmín. Àmín yà Allah. Àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé. Àmín lórúkọ Jésù. Mo ní Bàbá Ràfíù ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ lónìí. Èmi náà ń wá ibi tí mo máa tẹ tèmi sí.

Ohun tó dá ọwọ́ mi dúró ni pé ohùn náà kúrú. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ mọ bí fóònù ṣe ń fi gígùn ohùn hàn. Eléyìí kò ju kí ènìyàn sín lẹ́ẹ̀mejì lọ. Àdúrà kúkúrú lẹ́nu Bàbá Ràfíù? Mo gbé fóònù sétí.

Ariwo kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ó ń ta pàrà, pàrà, afẹ́fẹ́ sì ń hu nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ikọ́. Lẹ́yìn ikọ́ ni ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, iná oko ti yí mi ká o. Ìyá Ràfíù lọ wo ọmọ tuntun, èmi nìkan ló wà níbí, ẹsẹ̀ yìí ò sì gbé mi. Mò ń pe fóònù, kò lọ. Ẹni tó bá gbọ́ mi, kó bá mi ké sí wọn ní Ìwéré. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́ o."

Ó tán. Abẹ́ rẹ̀ ni Àmín tò sí láti òkè délẹ̀.

Mo pe Bàbá Ràfíù, wọ́n ní ẹni tí mò ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Mo tún pè é. Bákan náà. Mo pe Bàbá Tíṣà.

Mo ní, "Tíṣà, ṣé o gbọ́ ohùn Bàbá Ràfíù?"

Ó ní, "Mo gbọ́ ọ láàárọ̀. Àdúrà náà dára gan-an, ó wọ̀ mí lára."

"Àdúrà kí ni? Ọkùnrin náà wà láàárín iná, ó ń bẹ̀ wá, ìwọ ń ṣe Àmín sí i!"

Ó wá kígbe, "Yéè! Jésù! Yéè!"

"Pe Ràfíù ní Ìbàdàn. Ta la mọ̀ ní Ìwéré? Ta ló ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni níbẹ̀?"

Kò ní. Èmi náà kò ní. Gbogbo wa nínú gúrúùpù náà, àgbààgbà tí a ti bá ọkùnrin yìí ṣọ̀rẹ́ láti kékeré, kò sí ẹni tó mọ orúkọ ẹnì kan tí ilé rẹ̀ kan tirẹ̀. Láyé ìpè àfonífojì, mo mọ ẹni tó wà lọ́tùn-ún oko rẹ̀ àti ẹni tó wà lósì, mo mọ ajá wọn. Ẹ wá wo èmi yìí láàárín gáréèjì, mo di fóònù mú, mi ò mọ ẹni tí n ó ké pè. Inú bí mi sí ara mi, inú bí mi sí gbogbo wa.

Múfú ọlọ́kadà ló gbé mi. Ẹ mọ Múfú, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó ń gbé ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sórí alùpùpù kan lọ sí yídì. Lọ́jọ́ náà mo fi ojú rẹ̀ rí màbo.

"Sáré, Múfú."

"Bàbá, ẹ dì mí mú dáadáa. Ọ̀nà ò dáa."

"Mo ní kó o sáré!"

A já sínú kòtò, a jáde. Fìlà mi fò lọ, Múfú fẹ́ dúró, mo gbá a lẹ́yìn pé kó máa lọ. Nígbà tó yá, a rí èéfín náà lókèèrè, ó dúdú, ó tẹ́ lọ bí ògiri lẹ́yìn ìlú. Múfú kàn tẹ iná mọ́ alùpùpù. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń bẹ̀rù láti Òkèhò.

"Bàbá, apá ibo loko wọn gan-an?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò débẹ̀ rí. Láti ìgbà tó ti kó dé Ìwéré, àwòrán òdòdó nìkan la ń fi ránṣẹ́ síra wa. Mo lè sọ àdúrà tó máa ń gbà fún aboyún láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ̀nà oko rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà ni ní Ìwéré-Ilé. Mo bọ́ sílẹ̀ níwájú ìyá kan tó ń ta gaàrí, mi ò kí i, kí Ọlọ́run forí jì mí.

"Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ibo loko Bàbá Ràfíù?"

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ràfíù wo? Ràfíù pọ̀ níbí."

"Ó ń gbin kajú. Àgbà ni. Ẹsẹ̀ ń dùn ún."

"Ta ni kì í gbin kajú, Bàbá? Ẹsẹ̀ ta ni kì í dùn?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Àwọn ènìyàn ti ń yí wa ká. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni. Láti Òkèhò ni a ti jọ wá." Obìnrin náà na ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣé Bàbá Òkèhò lẹ ń wí? Bàbá Òkèhò tó ń tiro? Yéè, ẹ̀yin ará ọjà, apá ọ̀dọ̀ Bàbá Òkèhò ni èéfín yẹn mà wà o! Wọ́n ní bàbá ti bá ìyàwó wọn jáde níjọ́sí, a rò pé kò sẹ́nì kan níbẹ̀!"

Ó dojú gaàrí rẹ̀ délẹ̀ níbi tó ti ń dìde. Àwọn ọlọ́kadà tó wà níbẹ̀ gbé jẹrikéènì omi, àwọn kan ṣẹ́ ewé tútù dání, ọkùnrin kan gun alùpùpù síwájú láti fọ̀nà hàn. Wọn kò bi wá ní nǹkan kan mọ́. Ohun tí àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ṣe láti àárọ̀, ará ọjà ṣe é kí n tó mí délẹ̀.

Nígbà tí a dé oko, iná ti kọjá. Ilẹ̀ dúdú, ó ṣì ń gbóná lábẹ́ bàtà, àwọn igi kajú dúró láìsí ewé. Wọ́n fi ọwọ́ hàn mí ibi tí ahéré wà tẹ́lẹ̀. Páànù rẹ̀ ti wó lulẹ̀, èéfín ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ ké pè é, èéfín ti gba ọ̀fun mi, ohùn kò jáde. Àwọn ọkùnrin náà gbé páànù kúrò. Mi ò lè wò ó. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo ń ka Lá iláha.

"Kò sí nǹkan níbí," ni ẹnì kan wí. Múfú ló wá pariwo láti apá ìsàlẹ̀ oko.

Àárín ebè ẹ̀gẹ́ tuntun ló jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ro ilẹ̀ dáadáa, tí koríko kankan kò sí fún iná láti jẹ. Ó ti fi ìdí wọ́ débẹ̀ láti ahéré. Agbádá rẹ̀ ti jó létí, irùngbọ̀n rẹ̀ ti jó ní ẹ̀gbẹ́ kan, orúnkún rẹ̀ méjèèjì bó. Ojú rẹ̀ nìkan ló mọ́ nínú gbogbo ara rẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbá a mọ́ra. Wọ́n fún un lómi, ó mu ún, ó bì í, ó tún mu ún.

Ó wá bi mí pé, "Ta ló rán ọ?"

Mo ní, "Ohùn rẹ ni mo gbọ́."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ gbọ́ ọ?"

Ó gbé fóònù náà sókè kí n rí i. Nígbà tó wà láàárín ebè, tí iná ń jó yí i ká, Àmín wa ló ń wọlé sí i lọ́wọ́, ọ̀kan lé òmíràn. Ó ní bí àkọ́kọ́ ṣe dún, inú òun dùn, òun rò pé wọ́n ti ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí mi ò rò. Ó tẹ fóònù, ó gbé e sẹ́nu, ohùn rẹ̀ ti ha. Ó ní, "Sàláámù aléékùm, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Iná ti jó mi. Mo ti kú. Ẹ bá mi wá pósí, tí ẹ bá ráyè." Ó rán an. Ó tẹ́ fóònù sórí ebè láàárín wa, a jọ ń wò ó.

Kò pẹ́ rárá. Ó dún.

Àmín yà Allah.

Múfú kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì pa ẹnu mọ́ nígbà tó rí ojú wa. Bàbá Ràfíù náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ di ẹkún. Mi ò rí ọkùnrin yìí kó sunkún rí, kódà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi dákẹ́. Òmíràn tún dún, kò wò ó mọ́. Ó gbé fóònù náà, ó fi lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá òun gbé e fún Ràfíù bó bá dé.

Mo ní, "Báwo ni n ó ṣe wá máa gbọ́ ohùn rẹ?"

Ó nu ojú, eérú sì fà mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ní, "Àjọrìn, ṣebí o ti mọ ọ̀nà báyìí."